Dodan, Letmauk, Arakan: Àwọn Ìlú Bọ́mà Tó Wà Lẹ́nu Wa

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú àwa tí a gbé Èkó rí, ta ni kò mọ Dodan Barracks? Láti 1966 títí di 1991 tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Abùjá, bí a bá yọ ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta ti Shagari kúrò, ibẹ̀ ni àwọn ológun ti ń ṣèjọba lé wa lórí. Bí rédíò bá ti ń lu orin sójà láàárọ̀ kùtù, olúkúlùkù ti mọ̀ pé nǹkan ti yí ní Dodan Barracks nìyẹn. Ẹni tó gbé Yábàá mọ Myhoung Barracks. Ẹni tó bá Apápá ṣe mọ Arakan Barracks. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó ń gba Mọ́kọ́lá kọjá mọ Letmauk Barracks bí ẹni mowó.

Ó dára. Èdè wo wá ni Dodan? Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Haúsá, kì í ṣe Ígbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ta sì ni Letmauk? Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀gágun òyìnbó kan tó ti kú ni. Kì í ṣe ènìyàn rárá. Orúkọ abúlé, odò àti ìlú ni gbogbo wọn, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Arakan láyé ijọ́un, létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bọ́mà. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà níbẹ̀ ní 1944 àti 1945. Orúkọ ibẹ̀ bá wọn wálé bí ẹrù àjò, a sì fi sọ ilé àwọn sójà. Kàdúná náà ní tirẹ̀: abúlé ni Dalet, odò ni Kalapanzin, barracks sì ni àwọn méjèèjì lọ́dọ̀ wọn lónìí. Chindit Barracks ti Zaria ní ìtàn tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé àwọn ọmọ wa ti ń rìnrìn àjò ju bí àwa ti rìn lọ. Wọ́n ń lọ sí Thailand, sí Singapore, sí Bali, wọ́n ń ya fọ́tò erékùṣù àti tẹ́ḿpìlì wá hàn wá. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ayé yẹn kan náà ni àwọn bàbá àti bàbá-bàbá àwọn kan nínú wa dé ní ohun tó lé ní 80 ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe fún ìgbafẹ́, àwọn mìíràn kò sì padà wá. Bí ẹ bá fẹ́ wá àwọn ibi tí mo fẹ́ dárúkọ lórí àwòrán ilẹ̀, ẹ rántí pé ìjọba ológun ibẹ̀ yí orúkọ padà ní 1989. Bọ́mà di Myanmar, Rangoon di Yangon, Arakan di Rakhine, Akyab sì di Sittwe. Ìlú tí àwọn sójà wa mọ̀ sí Myohaung ni wọ́n ń pè ní Mrauk U.

Ogun Hítílà ni àwọn àgbà wa ń pe ogun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Hítílà ni wọ́n bá jà ní Bọ́mà. Japan ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 1941 ni Japan wọ inú ogun. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 1942, wọ́n ti gba Rangoon, lẹ́yìn náà wọ́n lé àwọn òyìnbó dé ẹnu ààlà India. Ẹ̀rù ba ìjọba Britain pé India náà yóò lọ. Ọ̀gágun George Giffard, tó ti ṣe olórí àwọn ọmọ ogun ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, mọ irú sójà tó wà lọ́dọ̀ wa, ó sì mọ̀ pé igbó kò ṣe àjèjì sí wọn. Báyìí ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 81 sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1943, tí wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ 82 sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ló pa wọ́n pọ̀. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó dé Asia nínú ogun yẹn tó nǹkan bí 90,000, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Àwòrán aláǹtakùn ni Ẹgbẹ́ 81 fi ṣe àmì sí apá aṣọ wọn, nítorí Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast. Ká ní àwa ni wọ́n bi, ìjàpá ni à bá ní kí wọ́n fi síbẹ̀. Àmì Ẹgbẹ́ 82 ló wù mí jù: ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká gan-an ni mo sọ, èyí tí a ń fi sórí kí ẹrù tó gorí. Ẹni tó ronú kan èyí mọ nǹkan tó ń ṣe, nítorí ẹrù orí ni ìdajì ogun náà. Ní ibi tí mọ́tò kò lè gbà, tí ìbaaka kò lè gùn, orí àwọn ọmọ Áfíríkà ni ọta, oúnjẹ, oògùn àti aláìsàn gbà kọjá.

Kí n má parọ́ fún yín pé Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láti apá Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ìbọn ti wá, èdè Haúsá sì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún wọn. Iṣẹ́ tó gba ìwé ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn ọmọ ìsàlẹ̀: dírẹ́sà tó ń wẹ egbò, akọ̀wé, awakọ̀, àwọn tó ń fi wáyà ránṣẹ́, àwọn mẹkáníìkì. Àwọn kan fi ọwọ́ ara wọn wọ iṣẹ́ ológun nítorí owó oṣù tàbí nítorí ojú ayé. Àwọn mìíràn, ajẹ́lẹ̀ ló ní kí ọba wá ènìyàn wá, ọba náà ní kí baálẹ̀ wá, baálẹ̀ sì mú ọmọ ẹni tí kò ní alágbàsọ.

Ọkọ̀ ojú omi gbé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yí gúúsù Áfíríkà ká, wọ́n gúnlẹ̀ sí Bombay ní oṣù kẹjọ ọdún 1943. Láti ibẹ̀ wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá India já, títí wọ́n fi dé agbègbè Chittagong tó wà ní Bangladesh òde òní. Níwájú wọn ni òkè Arakan wà, gegele lórí gegele, igbó kìjikìji, ọparun, ibà àti eṣúṣú. Lẹ́yìn àwọn òkè wọ̀nyẹn ni odò Kaladan gbé ń ṣàn lọ sí òkun. Wọ́n ní kí Ẹgbẹ́ 81 sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì odò náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà. Wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà náà, láti Chiringa lọ, nǹkan bí máìlì 75, pẹ̀lú àdá, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀nà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Kò tíì sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan ṣáájú wọn tó gbára lé ẹrù ojú sánmà pátápátá báyẹn.

Lẹ́bàá odò Kaladan yìí ni ìtàn Isaac Fadoyebo ti ṣẹlẹ̀, òun náà sì ló mú kí n gbé kálàmù.

Ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ ni. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1942, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ dírẹ́sà, wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn ojú ogun tó ń tẹ̀lé Ẹgbẹ́ 81. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà létí odò, àwọn ọmọ ogun Japan ṣíná ìbọn bò wọ́n lójijì. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ọta mìíràn sì bà á ní ikùn. Àwọn ará Japan dé ibi tó dùbúlẹ̀ sí, wọ́n wò ó, wọ́n fi í sílẹ̀. Bóyá wọ́n rò pé kò ní pẹ́ kú ni. Ẹgbẹ́ 81 fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn láìpẹ́ lẹ́yìn náà, nítorí àwọn ọ̀tá ti fẹ́ yí wọn ká. Bí ọmọ ọdún 18 ṣe di ẹni tó wà lẹ́yìn àwọn ọ̀tá nìyẹn, tí kò lè rìn, tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn tó fara gbọgbẹ́ kú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ku òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ló ń yọ́ gbé ìrẹsì àti omi wá fún wọn. Musulumi ni àwọn ará abúlé náà, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí. Ọ̀kan nínú wọn, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman, ló wá gbé àwọn méjèèjì lọ sí ilé ara rẹ̀ níkẹyìn. Ẹ gbé e yẹ̀ wò ná. Àwọn ọmọ ogun Japan ń gba abúlé náà kọjá. Bí wọ́n bá bá ọkùnrin dúdú méjì nínú ilé rẹ̀, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò pa. Àwọn tó gbà sílé kì í ṣe ẹbí rẹ̀, wọn kì í ṣe ará ìlú rẹ̀, wọn kò ní kọ́bọ̀ tí wọ́n lè fún un. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lábẹ́ ààbò bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Britain fi padà dé ní oṣù kejìlá ọdún 1944, tí àwọn Gurkha sì bá wọn níbẹ̀.

Isaac padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro. Ilé wọn ti gbà pé ó ti kú. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1999 Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde, A Stroke of Unbelievable Luck ni àkọlé rẹ̀. Ìwé kékeré ni, kò sì sí ìbínú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Shuyiman kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí. Ní 2011, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, ó sì gbé e lọ sí Kaladan. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọmọ rẹ̀, a sì ka lẹ́tà náà sí wọn létí, ọdún 67 lẹ́yìn ogun etí odò. Al Jazeera fi ìrìn àjò náà ṣe fíìmù, Phillips sì kọ ìwé lé e lórí ní 2014. Isaac Fadoyebo kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2012.

N kò lè fi Kaladan sílẹ̀ láìsọ ìyókù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun Myanmar jó abúlé àwọn Rohingya, ó sì lé ní 700,000 ènìyàn tó sá lọ sí Bangladesh. Àgọ́ àwọn asásálà yẹn wà ní agbègbè Cox's Bazar, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Chiringa tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti la ọ̀nà wọn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fi àgọ́ náà hàn lórí tẹlifíṣàn, àwọn ènìyàn Shuyiman ni ẹ ń wò yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Myohaung, nítorí òun ló lẹ́wà jù nínú gbogbo ibi tí mo fẹ́ dárúkọ. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Ìlú Àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe Ọ̀yọ́ tó tú ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ní 1430 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ó sì jẹ́ olú-ìlú ìjọba Arakan títí di 1784 tí ọba Bọ́mà wá kó o. Òkè kéékèèké ló yí i ká, tẹ́ḿpìlì sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ògiri wọn nípọn, inú wọn ṣókùnkùn, débi pé àwọn àlejò máa ń rò pé odi ogun ni. Èyí tó lókìkí jù ni Shitthaung tí ọba Min Bin kọ́ ní 1535. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ilé ère ẹgbàá lọ́nà ogójì, ìyẹn 80,000. Ère Buddha ló kún àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kékeré àti ńlá, ìtò lórí ìtò. Koe-thaung tó tún tóbi jù ú lọ wà nítòsí. Ti 90,000 ni wọ́n pe ìyẹn.

Ìlú òwò ni Mrauk U lásìkò rẹ̀. Àwọn ará Potogí, Holland àti Persia ń ná an. Ọ̀kan nínú ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni ènìyàn: àwọn ará Arakan àti àwọn Potogí a máa fi ọkọ̀ ojú omi lọ kó àwọn ará Bengal, àwọn ará Holland a sì rà wọ́n lẹ́rú lọ sí Batavia. Àwa tí a wá láti etí òkun Èkó àti Àgbádárìgì, tí ìran wa kan di ará Brazil àti Cuba, mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín. Àlùfáà Potogí kan, Manrique, tó dé ibẹ̀ láàárín ọdún 1630 sí 1640, kọ ọ́ pé àwọn jagunjagun Japan ló ń ṣọ́ ọba Arakan. Ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Japan tún wà níbẹ̀, àwọn ará Èkìtì àti ará Sókótó sì ni wọ́n wá lé wọn.

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 1945 ni Ẹgbẹ́ 81 àti 82 gba Myohaung. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀ láti àríwá, àwọn kan ti ìwọ̀-oòrùn wá, àwọn ará Japan sì ń sá kí wọ́n má bàa há. Ìṣẹ́gun tó tóbi jù tí àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní nínú ogun náà nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí orúkọ náà fi wà ní Yábàá, tó sì tún wà lára barracks kan ní Takoradi ní Ghana. Akọ̀wé wa ló kàn sọ ọ́ di Myhoung.

Lẹ́yìn èyí wọ́n dá Ẹgbẹ́ 81 dúró, àwọn ti 82 sì ń lé ọ̀tá lọ sí gúúsù, kọjá Dalet àti Tamandu, títí dé ojú ọ̀nà tó gun òkè lọ sí An. Ojú ọ̀nà yẹn ni Letmauk wà. Abúlé tí ẹ lè gbà kọjá láìmọ̀ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1945 ìjà gbígbóná wáyé níbẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tó ń dúró de mọ́tò lẹ́nu géètì Letmauk Barracks, ibi tí wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórí òkè yẹn ló ń kà lára pátákó.

Àwọn erékùṣù ńkọ́? Akyab wà lẹ́nu odò Kaladan gan-an. Ogun púpọ̀ ni wọ́n ti gbèrò láti fi gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1945, ọ̀tá ti kó ẹrù wọn lọ. Ramree wà ní gúúsù rẹ̀, àwọn ọmọ ogun India ló gbà á. Ramree ni ìtàn ọ̀nì ti wá, pé ọ̀nì inú ẹrẹ̀ jẹ àwọn sójà Japan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwé Guinness pàápàá gbé e. Àwọn òpìtàn tó wádìí rẹ̀ dáadáa sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Òǹgbẹ, ìbọn àti omi ló pa púpọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ máa fi ṣe ìtàn lálẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ nínú ìdánwò.

Mo ní a ó dé orí Chindit. Ẹgbẹ́ kan nínú Ẹgbẹ́ 81, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà pátá, kò lọ sí Kaladan rárá. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀gágun Orde Wingate, ọkọ̀ òfuurufú sì gbé wọn lóru lọ já sí àárín àwọn ọ̀tá ní àríwá Bọ́mà ní 1944. Chindit ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ ogun Wingate, láti ara orúkọ kìnnìún òkúta tó máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì ní Bọ́mà. Olóògbé Biyi Bandele, tó kú ní 2022, kọ ìwé ìtàn-àròsọ lé wọn lórí ní 2007, Burma Boy. Bàbá tirẹ̀ lọ sí Bọ́mà.

Níbo wá ni àwọn tí kò padà wà? Bí ẹ bá dé Yangon, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo Shwedagon tí wúrà bò, ẹ gba ọ̀nà Pyay lọ sí àríwá, nǹkan bí kìlómítà 25, sí Taukkyan. Ìtẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun Commonwealth wà níbẹ̀, koríko rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ibojì 6,374 ti ogun Hítílà ló wà níbẹ̀, 867 nínú wọn kò ní orúkọ. Ní àárín ni òpó ìrántí Rangoon wà, òpó gíga lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n fín orúkọ nǹkan bí 27,000 ènìyàn sí lára, àwọn tí a kò rí òkú wọn tàbí tí a kò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára òpó wọ̀nyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Isaac tó kú létí odò wà nínú irú àwọn tí òpó náà wà fún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú kékeré wo fífín orúkọ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Commonwealth War Graves Commission fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kéré tán ènìyàn 116,000, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti ará Middle East, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Mínísítà ètò ààbò Britain tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ti Bọ́mà dára ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀ owó kò dọ́gba: ní 2019, Al Jazeera gbé ìwé ìjọba kan jáde tó fi hàn pé, nígbà tí ogun parí, owó ìdágbére tí wọ́n fún sójà òyìnbó nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Áfíríkà lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti sójà dúdú tí ipò wọn jọ dọ́gba.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Mrauk U lónìí. Ìjọba ológun tún gbàjọba ní Myanmar ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023 sì ni ogun ti gbóná janjan ní Rakhine láàárín ìjọba àti àwọn ọmọ ogun Arakan. Britain àti Amẹ́ríkà ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìlú wọn. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tàbí àna ní Bangladesh lè lọ sí ìtẹ́ òkú Chittagong, tó ní ibojì tó lé ní 700. Àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó kú sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn ojú ogun wà níbẹ̀. Àwa tó wà ní London kò tilẹ̀ ní láti wọ bàálù. Àwọn Òpó Ìrántí wà ní Constitution Hill láti 2002, orúkọ Áfíríkà sì wà lára wọn. Ìrántí àwọn ọmọ ogun Áfíríkà àti Caribbean wà ní Windrush Square, Brixton, láti 2017. Bọ́ọ̀sì máa gbé yín dé ẹnu rẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ dání.

Ẹni tó bá fẹ́ wá orúkọ ẹbí rẹ̀ lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojúlé Commonwealth War Graves Commission láìsan kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ kò bá rí i lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé òyìnbó ló kọ orúkọ wọ̀nyí bó ṣe gbọ́ ọ sétí. Kò sí àmì ohùn níbẹ̀, ẹ kò ní rí àmì lábẹ́ “ṣ” tàbí “ọ”, “gb” lè di “b”, ìlú tí ènìyàn ti wá sì lè di orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ sì fi Nigeria Regiment tàbí Royal West African Frontier Force kún un.

Ti ẹni tó padà sílé láàyè yàtọ̀, kò ní sí lára òpó kankan. Inú àpótí àwọn màmá àgbà ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí àwọ̀ idẹ, tí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ búlúù, pupa àti àwọ̀ ọsàn, Burma Star nìyẹn. Britain kì í fín orúkọ ẹni tó gbà á sára ìràwọ̀ ogun yẹn, nítorí náà ẹni tó bá rí i lẹ́yìn yín kò ní mọ ẹni tó ni ín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá kí ọjọ́ tó lọ, ẹ kọ orúkọ bàbá náà, ìlú rẹ̀ àti ibi tó dé sórí ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi í sínú àpótí náà pẹ̀lú ìràwọ̀ rẹ̀.